Orin Tí Wọ́n Lé Kúrò Nílùú

Ní ọdún 1960, ìròyìn dé bá olórin Miriam Makeba ní Amẹ́ríkà pé ìyá rẹ̀ ti jáde láyé ní Gúúsù Áfíríkà. Ó fẹ́ lọ sin ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ti fagi lé ìwé ìrìnnà òun. Ọmọ ọdún 28 ni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó kọrin nínú fíìmù kan, Come Back, Africa, tí Lionel Rogosin yà ní bòńkẹ́lẹ́ ní Johannesburg, tó sì fi ìgbé ayé aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ han aráyé. Ìyá tí wọn kò jẹ́ kó sin yìí náà ló gbé e wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, nítorí ọtí ìbílẹ̀ tó ń pọn tà kó lè rówó jẹun. Oṣù mẹ́fà ni ìyá àti ọmọ lò níbẹ̀.

Ọdún 30 ni Makeba fi wà ní ẹ̀yìn odi. Òun nìkan kọ́ ni olórin tó lọ. Hugh Masekela lọ ní 1960 kan náà, Abdullah Ibrahim tí wọ́n ń pè ní Dollar Brand nígbà náà lọ ní 1962, ẹgbẹ́ Blue Notes lọ ní 1964, àwọn kan lára àwọn tó bá eré orí ìtàgé King Kong lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961 sì wà níbẹ̀ tí wọn ò padà. Ọdún 1960 yẹn, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn 69 ní Sharpeville, ni ilẹ̀kùn tì. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ ANC àti PAC tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ẹni tó bá ní ẹnu ọ̀rọ̀ sì wá ibòmíràn gbà.

Àwọn kan máa ń sọ pé orin ló lé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé tó kú sí ìgboro, àwọn báńkì ilẹ̀ òkèèrè tó kọ̀ láti yá ìjọba náà lówó mọ́, ogun ní Angola, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí èmi rí nínú orin àti ijó àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú yìí ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ara wọn ṣe ìjọba àwa-ara-wa, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní ìwé ìdìbò. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń lé orin kí ẹlòmíràn gbè é, bí a ṣe ń jó ijó ẹ̀yà tí kì í ṣe tiwa, àti bí a ṣe ń jiyàn lójú gbogbo ayé láìgbé idà síra wa lọ́rùn.

Ẹ wo orin Vuyisile Mini. Òṣìṣẹ́ èbúté ni ní Port Elizabeth, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Ó ṣe orin kan tó fi ń kìlọ̀ fún Verwoerd, olórí ìjọba ìgbà náà, pé kó ṣọ́ra, aláwọ̀ dúdú ń bọ̀. Wọ́n yẹgi fún Mini ní Pretoria ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1964, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀ sì sọ pé orin ló ń kọ lọ síbi ikú. Ọdún kejì, orin yẹn wà nínú àwo tí Makeba àti Harry Belafonte jọ ṣe ní Amẹ́ríkà. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy ní 1966. Àwọn tó ń gbọ́ ọ nínú pálọ̀ ní New York kò lóye èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó lóye rẹ̀ ní Tanzania, ní Zambia, ní inú ilé tí wọ́n ti ń rẹ ohùn rédíò sílẹ̀ ní Soweto mọ̀ pé ẹni tí wọ́n so kọ́ ń sọ̀rọ̀.

Ní 1963, Makeba ti dúró níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ó sì ní kí wọ́n gba àwọn èèyàn òun. Ìjọba rẹ̀ gba ọmọ ìlú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fòfin de àwo rẹ̀ gbogbo. Ọdún yẹn kan náà ló kọrin ní Addis Ababa níbi tí àwọn olórí Áfíríkà ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìlú mọ́ ni wọ́n pè kó wá kọrin fún gbogbo ìlú. Oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló fún un ní ìwé ìrìnnà lẹ́yìn náà.

Orin tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Pata Pata, kò sọ nǹkan kan nípa ìṣèlú. Orin ijó ni, ijó tí wọ́n ń jó ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Johannesburg ní àwọn ọdún 1950, tí oníjó ti ń fi ọwọ́ kan ara ẹnìkejì láti èjìká sísàlẹ̀. Ó di ààyò ní Amẹ́ríkà ní 1967. Makeba fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ka orin náà sí. Ó dùn ún pé èyí tó fúyẹ́ jù nínú orin òun ni aráyé gbá mú. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo rò pé ó rorò jù sí orin ara rẹ̀. Ní ibi tí òfin ti ń sọ ẹni tí o lè fẹ́, ibi tí o lè sùn, ilẹ̀kùn tí o lè gbà wọ ilé ìfìwéránṣẹ́, ijó tí èèyàn ti ń fọwọ́ kan ara wọn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn tó jó o ní yàrá ọtí nígbà tí ọlọ́pàá lè já wọlé nígbàkígbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Amẹ́ríkà náà kò pẹ́ tó fi yíjú padà sí i. Nígbà tó fẹ́ Stokely Carmichael, ajàjàgbara aláwọ̀ dúdú, ní 1968, wọ́n fagi lé eré rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó kó lọ sí Guinea lọ́dọ̀ ààrẹ Sékou Touré, ó sì ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè náà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Bongi, ti kú ní 1985.

Ilẹ̀ wa Nàìjíríà náà ní ọwọ́ nínú ìtàn yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1973, Masekela wá sí Èkó, Fẹlá gbà á lálejò, Fẹlá yìí náà ló sì mú un mọ ẹgbẹ́ Hedzoleh Soundz ní Accra, tí wọ́n jọ gba àwo orin sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ orin ní New York, tí fèrè rẹ̀ ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1968 pẹ̀lú Grazing in the Grass, ló wá jókòó ti àwọn onílù Ghana kó lè tún etí ara rẹ̀ ṣe. Makeba wà lára àwọn tó kọrin ní FESTAC ní Èkó ní 1977. Thabo Mbeki ṣojú ẹgbẹ́ ANC ní Èkó nígbà náà. Sonny Okosun fi Soweto kọrin, gbogbo ilé ijó ní Nàìjíríà sì ń gbé e. Ìjọba Ọbásanjọ́ dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún Gúúsù Áfíríkà ní 1976, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti akẹ́kọ̀ọ́ sì dáwó sí i. Àwọn kan nínú àwọn òbí wa tó dáwó náà ṣì wà láàyè, wọ́n ń rántí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù ni Angola. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá da ìbọn bo àwọn ọmọ ilé ìwé Soweto ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ló sá kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn ní Angola, ní àgọ́ uMkhonto we Sizwe, ẹ̀ka ológun ẹgbẹ́ ANC. Láti inú àwọn ọmọ ogun yìí ni ẹgbẹ́ eléré Amandla ti jáde. Jonas Gwangwa, ọmọ Orlando East ní Soweto, tó ń fọn tròńbóònù, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé Amẹ́ríkà, ló fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tó wá darí wọn láti 1980. Wọ́n gbé eré wọn káàkiri Áfíríkà, Yúróòpù àti ibòmíràn, eré tó ń sọ ìtàn ilẹ̀ wọn láti abúlé dé kòtò ìwakùsà dé ojú ogun.

Ohun tí Gwangwa ṣe níbẹ̀ ló yẹ ká wò dáadáa. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti pín aláwọ̀ dúdú sí ìlú-ẹ̀yà mẹ́wàá, kí Zulu máa ṣe ti Zulu, kí Venda máa ṣe ti Venda, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má lè sọ pé ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni òun. Nínú ẹgbẹ́ Amandla, ijó gbogbo ẹ̀yà ni gbogbo wọn kọ́. Ọmọ Zulu á jó ijó Venda, ọmọ Xhosa á kọ orin Sotho, ọmọ ìlú ńlá tí kò rí abúlé rí á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ nínú indlamu, ijó Zulu, sókè dé àyà kó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí òfin pín, wọ́n fi orúnkún ara wọn tún un so. Mi ò mọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan tó ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ijó bàtà rọ́bà, isicathulo. Àwọn tó ń wa wúrà ní abẹ́ ilẹ̀ ní àyíká Johannesburg ló sọ ọ́ di ńlá. Omi máa ń kún ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, bàtà rọ́bà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún ni wọ́n sì ń wọ̀. Oníjó á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń ro oko, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ kan, á pàtẹ́wọ́ lábẹ́ itan, á fi gìgísẹ̀ kọlu gìgísẹ̀, á sì tẹ ilẹ̀ kì. Bàtà yẹn fúnra rẹ̀ ni ìlù. Aṣáájú á ké bí fọ́máànù tó ń pàṣẹ nínú kòtò, àwọn yòókù á dáhùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé fọ́máànù náà gan-an ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Aṣáájú kì í pẹ́ níwájú. Ẹlòmíràn á bọ́ sáàárín, á fi tirẹ̀ hàn, ẹni tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ á sì padà sínú ìlà, á máa gbè fún un. Ó pẹ́ kí ọ̀pọ̀ olórí ilẹ̀ Áfíríkà tó kọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn kan kò tíì kọ́ ọ.

Ijó toyi-toyi náà wá láti inú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Zimbabwe tó ń jà fún òmìnira tiwọn ni àwọn ti Gúúsù Áfíríkà kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn: kí èèyàn máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ẹsẹ̀ kan sí èkejì, kí orúnkún lọ sókè, kí ẹnì kan lé orin, kí ogunlọ́gọ̀ jẹ́ ẹ. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1980, ijó náà ti gba ẹ̀yìn odi wọlé láìsí ìwé ìrìnnà. Níbi ìsìnkú àwọn tí ọlọ́pàá pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á máa bọ̀ lójú títì pẹ̀lú rẹ̀, eruku á sọ, àwọn ọlọ́pàá tó di tajútajú lọ́wọ́ á sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn.

Àwọn tó bá ń sọ pé àjò ló sọ àwọn olórin wọ̀nyí di ẹni ńlá, kí wọ́n wo ẹgbẹ́ Blue Notes. Chris McGregor, òyìnbó, ló ń tẹ dùùrù fún wọn. Aláwọ̀ dúdú ni Dudu Pukwana, Mongezi Feza, Johnny Dyani, Louis Moholo àti Nikele Moyake. Òfin kò fẹ́ kí wọ́n jọ dúró lórí ìtàgé kan. Wọ́n gba ìwé ìpè sí ayẹyẹ jáàsì ní Antibes, ní Faransé, ní 1964, wọ́n sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà. Àwọn eléré jáàsì Yúróòpù ń sọ títí dòní pé fèrè wọn yí ọ̀nà tí àwọn ń gbà ṣeré padà. Ṣùgbọ́n Moyake kò lè fara da òkèèrè, ó padà sílé, kò pẹ́ tó fi kú. Feza kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1975 lẹ́ni ọdún 30. Dyani kú ní 1986. McGregor àti Pukwana jọ kú ní 1990, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n, nígbà tí ọ̀nà ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Moholo nìkan ló kù láti kó padà sí Cape Town ní 2005. Bí mo bá ń gbọ́ àwo wọn, inú mi kì í dùn lásán. Ìbínú máa ń wà níbẹ̀.

Awuyewuye tó bẹ́ lórí àwo Graceland kò yẹ kó kọjá lẹ́nu mi. Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, lọ gba orin sílẹ̀ ní Johannesburg ní 1985 nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí òṣèré má ṣe tẹ ibẹ̀. Nígbà tó gbé eré náà kiri ní 1987, Makeba àti Masekela bá a lọ, wọ́n sì ṣeré ní Harare, ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn gan-an. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olórin òyìnbó bíi Jerry Dammers àti Billy Bragg wà lára àwọn tó lòdì sí i. Èmi rí òtítọ́ ní ìhà méjèèjì. Òfin ìfòfindè tí olówó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kì í pẹ́ tó fi ń já. Síbẹ̀, ẹni tó ti fi ọdún 27 sun ilẹ̀ onílẹ̀ nítorí ìjà yìí ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí wọ́n ṣe máa bá òun jà á. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn, kò sì sí ẹni tó ti ẹnì kan mọ́lé.

Lẹ́tà kan tún wà. Masekela ń gbé ní Botswana ní 1985 nígbà tí lẹ́tà ọjọ́ ìbí dé bá a láti ọwọ́ Mandela tó wà lẹ́wọ̀n, lẹ́tà tí wọ́n yọ́ gbé jáde. Láti inú rẹ̀ ni orin Bring Him Back Home ti wá, tó ń ya àwòrán Mandela tó ń rìn ní ìgboro Soweto pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1985 yẹn, ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà ya wọ Gaborone lóru, wọ́n pa èèyàn 12. Ibi tí èèyàn sá sí náà kò dákẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, Mandela jáde, ó di ọwọ́ Winnie, ìyàwó rẹ̀, mú.

Makeba fi ìwé ìrìnnà Faransé wọ ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ní oṣù kẹfà ọdún 1990. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1994, aláwọ̀ dúdú Gúúsù Áfíríkà tò sórí ìlà láti dìbò, títí kan àwọn àgbàlagbà tí kò dìbò rí láyé wọn. Nígbà tí wọ́n búra fún Mandela gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní oṣù karùn-ún, Abdullah Ibrahim wà lára àwọn tó ṣeré. Orin rẹ̀ Mannenberg, tó gbà sílẹ̀ ní Cape Town ní 1974 kó tó tún sá lọ, ti jẹ́ orin ìfẹ̀hónúhàn fún ogún ọdún láìní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ nínú. Mandela náà sì ń jó, ẹsẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ ní ìgbọ̀nwọ́, ojú ń rẹ́rìn-ín, níbi gbogbo tí wọ́n bá gbé e dé.

Àwọn tó rò pé ijó parí níbẹ̀ kò mọ ohun tí ijó wà fún. Àwọn kan náà tó dìbò fún ANC ló ń jó toyi-toyi lọ sí iwájú ọ́fíìsì ANC nígbà tí omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, tí iná ò tàn, tí ilé tí wọ́n ṣèlérí ò yọjú. Inú mi dùn sí i. Ìjọba tí wọn kò lè jó kọjú sí kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ní Marikana ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn awakùsà tó daṣẹ́ sílẹ̀ ti wà lórí òkè fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Ọlọ́pàá ìjọba tí wọ́n dìbò yàn yìnbọn pa 34 nínú wọn. Mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bo ìyẹn.

Ohun mìíràn tó ń dun èmi ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tí wọ́n lù ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n sun ilé ìtajà wọn, nítorí pé àlejò ni wọ́n. Ní 2008, èèyàn tó lé ní 60 ló kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ òfuurufú Air Peace kó àwọn èèyàn wa padà wálé lọ́fẹ̀ẹ́, Tiwa Savage sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú eré tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Orin tí ilẹ̀ wọn fi ń gbéra ga lónìí, orí ẹní àlejò ni wọ́n ti kọ ọ́: Dar es Salaam, Lusaka, Luanda, Conakry, Èkó. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èyí pẹ̀lú orin náà.

Ta ló wá ni àwọn orin àgọ́ náà báyìí? Jacob Zuma fi Umshini wami, orin ìbọn tí àwọn ọmọ ogun ń kọ, gun orí àléfà ní 2009. Nígbà tó bá ANC jà, ó bá ẹgbẹ́ tuntun kan lọ tó ń jẹ́ uMkhonto weSizwe, orúkọ àwọn ọmọ ogun àgọ́ Angola gan-an. ANC gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ lórí orúkọ yẹn ní 2024, wọ́n sì pàdánù. Nínú ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún náà, ìpín ANC já wálẹ̀ sí nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn ò ní tó ìdajì láti 1994. Ìdìbò mú wọn bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, bí aṣáájú ijó bàtà rọ́bà tó padà sínú ìlà.

Láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, bí ìjọba bá kórìíra orin kan, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò SABC á mú ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó, á fi ha ojú rẹ́kọ́ọ̀dù náà níbi tí orin yẹn wà gan-an, kí abẹ́rẹ́ má baà lè kọ ọ́ mọ́. Kò sí ẹni tó lè béèrè ìdí. Nísinsìnyí, ọ̀tọ̀ ni. Julius Malema, olóṣèlú Gúúsù Áfíríkà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orin ìjà àtijọ́ kan, Dubul' ibhunu, “Yìnbọn fún Boer”, tó ń dẹ́rù ba àwọn àgbẹ̀ òyìnbó. Èmi fúnra mi kò fẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ lónìí. Ẹgbẹ́ AfriForum, tó ń gbèjà àwọn òyìnbó Afrikaner, pè é lẹ́jọ́. Ní 2011 adájọ́ ní ọ̀rọ̀ ìkórìíra ni. Ní 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti pe ẹlẹ́rìí, tí Malema náà ti dáhùn ìbéèrè, adájọ́ mìíràn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. AfriForum pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n pàdánù ní 2024. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìyẹn sì ní òun ò ní gbọ́ ọ mọ́ ní 2025. Malema ń kọ orin rẹ̀ lọ, AfriForum ń sọ ojú abẹ níkòó nípa rẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò tó máa ń ha àwo sì ń ka ìròyìn méjèèjì.